Owó Kékeré àti Ẹ̀rọ Rere: Ọ̀rọ̀ lórí Kọ̀ǹpútà tí Àwọn Ọ̀dọ́ Fi ń Ṣeré

 

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé mi lọ́wọ́ láti sọ ní oṣù yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú àgbàlagbà. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣeré, àti bí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ṣe lè rà á, tàbí kí ó tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí ọ̀rọ̀ yìí kò tíì wọ̀ nínú àwọn ilé wa kò pọ̀ mọ́. Ọmọ a wá bá bàbá rẹ̀, a ní òun ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó lágbára; bàbá a béèrè iye rẹ̀; bí ó bá sì ti gbọ́ iye náà, ọ̀rọ̀ a di ariwo. Àwọn bàbá kan a fi ìbínú kọ̀. Àwọn mìíràn a lọ sí ọjà, wọn a ra ohun tí ọlọ́jà bá kọ́kọ́ nà sí wọn, oṣù mẹ́ta kì í sì í pé tí ẹ̀rọ náà yóò fi dákẹ́.

Èmi kò bá ẹni tí ó kọ̀ jà, bẹ́ẹ̀ ni n kò yin ẹni tí ó rà láìbéèrè. Ohun tí mo wá sọ ni pé ọ̀nà kẹta wà: kí bàbá fi iye owó kan lélẹ̀, kí ọmọ fúnra rẹ̀ ṣe ìṣirò bí òun yóò ti ná an, kí ó sì to ẹ̀rọ náà pọ̀ lójú ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, owó kékeré a máa ṣe iṣẹ́ tí owó ńlá tí a ná láìronú kò lè ṣe.

Ẹnìkan lè bi mí pé, eré ha ni a ó máa ná irú owó bẹ́ẹ̀ lé lórí bí? Ìbéèrè rere ni, ó sì yẹ kí n dá a lóhùn kí n tó tẹ̀ síwájú. Àwọn baba wa kò ka eré sí ohun ẹ̀gàn. Ọpọ́n ayò, tí ó ní ihò 12 àti ọmọ ayò 48, wà ní ààfin ọba, ó sì wà lábẹ́ igi níwájú ilé mẹ̀kúnnù. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹni tí kò lè ka iye ọmọ ayò inú ihò kan ní ìṣẹ́jú akàn, òpè ni yóò jẹ́ títí, kò lè di ọ̀ta. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, ẹ̀rọ tí ó lè gbé eré orí kọ̀ǹpútà náà ni ẹ̀rọ tí ó lè ya àwòrán ilé, tí ó lè to fíìmù pọ̀ fún àwọn òṣèré wa, tí a sì lè fi ṣẹ̀dá eré tuntun. Blender tí a fi ń ya àwòrán tí ń rìn, àti Godot tí a fi ń ṣẹ̀dá eré, ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì. Ní Èkó, láti ọdún 2012 ni ilé-iṣẹ́ Maliyo Games ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣíṣẹ̀dá eré. Ọmọ tí ó ń fi ẹ̀rọ ṣeré lónìí lè fi í jẹun lọ́la, bí a bá tọ́ ọ sọ́nà.

Nísinsìnyí, kí a tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ jẹ́ kí a mọ iṣẹ́ tí a ń fẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣe. Eré orí kọ̀ǹpútà jẹ́ àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà, tí ó ń pa rẹ́, tí ó sì tún ń yà kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi rò pé ó ń rìn. Kí ó tó dùn ún wò, ó yẹ kí ẹ̀rọ ya tó àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ojú mọ́nítọ̀ tí ó wọ́pọ̀ ní àmì tóótòòtó 1,920 ní ìbú àti 1,080 ní òró. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 2,073,600. Bí a bá sọ èyí di ọ̀nà 60, a ó rí i pé ẹ̀rọ náà ní láti kun àmì tí ó lé ní mílíọ̀nù 124 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Mọ́nítọ̀ tí wọ́n ń pè ní 4K ní ìlọ́po mẹ́rin àmì wọ̀nyí. Nítorí náà, kí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ má ṣe jẹ́ kí ẹwà mọ́nítọ̀ 4K tan òun jẹ. Ẹni tí ó rà á ti gbé ẹrù ènìyàn mẹ́rin ru ọmọdé kan.

Ẹ̀yà méje ni ẹ̀rọ yìí ní tí ó yẹ kí a mọ̀. Èkíní ni ọpọlọ, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní CPU. Òun ni ó ń ronú. Èkejì ni káàdì àwòrán, tí wọ́n ń pè ní GPU. Òun ni ó ń kun gbogbo àmì tí mo kà sílẹ̀ yẹn. Ẹ̀kẹta ni RAM, tí ó dàbí tábìlì tí a tẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ náà sí; bí tábìlì bá kéré, iṣẹ́ a dúró. Ẹ̀kẹrin ni SSD, àká tí a ń kó ẹrù pamọ́ sí. Ẹ̀karùn-ún ni bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo àwọn yòókù jókòó lé. Ẹ̀kẹfà ni àpótí iná, èyí tí wọ́n ń pè ní power supply. Èkeje ni ilé tí gbogbo wọn ń gbé.

Bí a bá pín owó tí a ní sí ọ̀nà 100, tí a yọ ti mọ́nítọ̀ sọ́tọ̀, ìmọ̀ràn mi ni èyí: 35 fún káàdì àwòrán, 20 fún ọpọlọ, 12 fún bọ́ọ̀dù, 10 fún RAM, 10 fún àpótí iná, 8 fún SSD, 5 fún ilé rẹ̀. Ọjà lè yí ìpín yìí padà díẹ̀. Ní ìparí ọdún 2025, owó RAM gbéra sókè gidigidi káàkiri ayé, nítorí pé àwọn tí ń ṣe é ń kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ fún àwọn ilé ẹ̀rọ ńláńlá tí a fi ń ṣe iṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ẹni tí ó bá bọ́ sí irú àkókò bẹ́ẹ̀ yóò mú díẹ̀ kúrò lára ilé ẹ̀rọ àti SSD, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fọwọ́ kan ti àpótí iná. Èmi yóò sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Àwọn àgbà ní, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí bàbá yóò bi ọmọ rẹ̀ ni pé: eré wo ni o fẹ́ ṣe? Eré kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìwọ̀n tirẹ̀, àwọn tí ó ṣe é a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí a ti ń rà á. Valorant, tí ó jáde ní ọdún 2020, kò béèrè ju RAM 4 GB lọ. Cyberpunk 2077, tí òun náà jáde ní ọdún 2020, ń béèrè RAM 12 GB, káàdì tí agbára rẹ̀ tó ti GTX 1060 oní-6 GB, àti SSD, láti ìgbà tí àwọn tí ó ṣe é ti tún ìlànà rẹ̀ kọ ní ọdún 2023. Ẹni tí Valorant nìkan wù kò ní ìdí láti ra ẹ̀rọ tí Cyberpunk ń fẹ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀ tí ẹni tí owó rẹ̀ ní ìwọ̀n lè gbà. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni kí ó bẹ̀rẹ̀ láìra káàdì àwòrán rárá. Ilé-iṣẹ́ AMD mú ọpọlọ kan jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, orúkọ rẹ̀ ni Ryzen 5 5600G. Agbára àwòrán wà nínú rẹ̀ láti ilé. Kò lè ṣe eré tí ó wúwo jù, ṣùgbọ́n yóò gbé àwọn tí ó fúyẹ́ dáradára. Kí a ra RAM méjì olóókan 8 GB fún un, kí a má ra ẹyọ kan oní-16 GB. Ìdí rẹ̀ ni pé ọpọlọ àti àwòrán jùmọ̀ ń lo RAM kan náà; bí RAM bá jẹ́ méjì, ilẹ̀kùn méjì ni ó ṣí sílẹ̀, èrò kò sì ní máa ti ara wọn lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, nígbà tí owó bá tún wà, a ó ra káàdì, a ó sì fi kún un láìtú ohunkóhun ká. Irú bọ́ọ̀dù tí ọpọlọ yìí ń jókòó lé, tí a ń pè ní AM4, ti wà láti ọdún 2016, àìmọye ọpọlọ tí ó lágbára jù ú lọ ni ó sì lè jókòó sí ipò rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Bí àwọn baba wa ti í kọ́ yàrá méjì, tí wọn a sì fi ààyè sílẹ̀ fún ìyókù, bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Ọ̀nà kejì ni ti ẹni tí ó ní owó káàdì lọ́wọ́. Ryzen 5 5600 ti ọdún 2022, tàbí Core i3-12100F ti ọdún 2022 bákan náà, pẹ̀lú káàdì Radeon RX 6600 ti ọdún 2021, yóò ṣe ọ̀pọ̀ eré lórí mọ́nítọ̀ tí mo ṣàpèjúwe láìsí ìnira. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún yín: 5600 tí kò ní lẹ́tà G lẹ́yìn kò ní àwòrán nínú, bẹ́ẹ̀ sì ni ọpọlọ Intel tí lẹ́tà F wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó ra ọ̀kan nínú wọn láìra káàdì yóò tan ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ yóò máa fẹ́, ojú mọ́nítọ̀ yóò sì dúdú bí òru. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó ń ya ẹni tí ó rí eré ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí yóò padà sí ọjà lọ ṣe àríyànjiyàn.

Ọ̀nà kẹta ni ti tòkunbọ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì ìlú òyìnbó, irú bíi Dell OptiPlex, pọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà, owó wọn kò sì ga. Bí a bá rí èyí tí ilé rẹ̀ ga tó, a lè fi káàdì tí kì í jẹ ju 75 watt lọ sínú rẹ̀, bíi GTX 1050 Ti ti ọdún 2016 tàbí GTX 1650 ti ọdún 2019, nítorí ọ̀pọ̀ nínú irú káàdì wọ̀nyí kò béèrè wáyà iná ti ara wọn. Èyí tí ilé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kò gba káàdì tí ó tóbi, àpótí iná inú rẹ̀ kò sì ní agbára tí ó ṣẹ́kù. Ohun kan tún wà: Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 kò sì gba ọpọlọ Intel tí ó ṣáájú ìran kẹjọ. Nítorí náà, kí olùrà béèrè ìran ọpọlọ náà kí ó tó béèrè iye owó.

Mo ṣèlérí láti sọ̀rọ̀ nípa àpótí iná. Òun ni ẹ̀yà tí ojú kì í rí, òun náà ni àwọn ènìyàn sì ń fi ṣe àṣẹ́kù owó. Àpótí aláìlórúkọ kan lè wà lọ́jà, tí wọ́n kọ 600 watt sí lára, kí ó má lè gbé ìdajì rẹ̀. Bí iná bá gbé e, kì í dá nìkan kú. A máa mú bọ́ọ̀dù àti káàdì lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ryzen 5600 àti RX 6600 papọ̀ kì í sábà jẹ tó 300 watt; àpótí rere oní-500 watt tó fún wọn, ó sì sàn ju aláìlórúkọ oní-750 lọ. Kí a wá àmì 80 Plus lára rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìpín 80 nínú 100 iná tí ó ń gbà ni ó ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, ó kéré tán. Ẹ tún ṣọ́ra fún àpótí iná tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Àwọn kan ní bọ́tìnnì pupa kékeré lẹ́yìn, tí a kọ 115 àti 230 sí. Ní Amẹ́ríkà, 115 ni wọ́n ń fi í sí. Bí a bá ki irú rẹ̀ bọ iná tiwa láìyí i sí 230, ìró rẹ̀ yóò dé etí aládùúgbò.

Nínú ọjà, jìbìtì méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni káàdì ayédèrú: wọn a mú káàdì àtijọ́, wọn a sì kọ orúkọ tuntun sínú rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà pàápàá yóò fi máa pè é ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun èlò ọ̀fẹ́ kan wà tí ń jẹ́ GPU-Z. Ó lè tú àṣírí ọ̀pọ̀ irú wọn. Èkejì ni káàdì tí iṣẹ́ ti tán lára rẹ̀. Títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ń fi káàdì àwòrán wa owó Ethereum tọ̀sán-tòru; nígbà tí Ethereum dáwọ́ ọ̀nà náà dúró ní ọjọ́ 15 oṣù náà, ọ̀pọ̀ káàdì wọ̀nyí bọ́ sí ọjà. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ni ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kí a má san owó títí a ó fi rí káàdì náà lẹ́nu eré tí ó wúwo fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí a gbọ́ ìró afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí a sì rí i pé àwòrán kò já. Ọlọ́jà tí kò bá gbà kí a dán ọjà rẹ̀ wò ti sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa owó fúnra rẹ̀. Gbogbo ọjà yìí ń bá dọ́là rìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi 460 náírà ní iye tí ìjọba ń kà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,400. Nítorí náà, ẹni tí ó ń tọ́jú owó sínú kólò fún ọdún méjì lè rí i pé ẹ̀rọ tí òun ń lé ń sá síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń ra ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù kò lè dán wọn wò, títí ọjọ́ tí a lè dá wọn padà yóò fi kọjá. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà kìn-ín-ní: ọpọlọ oníwòrán, bọ́ọ̀dù, RAM, SSD àti àpótí iná, kí a ra gbogbo wọn lọ́jọ́ kan, kí a tàn wọ́n lọ́jọ́ náà, kí káàdì wá tẹ̀lé e. Bí a bá ní ará ní London tàbí ní Houston, ọpọlọ àti RAM kéré, wọ́n lè wà nínú báàgì ẹni tí ń bọ̀ wálé. Ilé ẹ̀rọ àti mọ́nítọ̀ tí ó wúwo, kí a rà wọ́n nílé. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé èyí tí ó bá bàjẹ́ yóò tún ìrìn náà rìn padà.

Ní ti iná, ẹ̀rọ tí ń jẹ 250 watt yóò jẹ yúníìtì kan gééré ní wákàtí mẹ́rin. Kí bàbá sọ èyí di iye yúníìtì ládùúgbò rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ mọ̀ ọ́n. Ó tún yẹ kí a ra UPS kékeré, kí ẹ̀rọ lè rí ìṣẹ́jú díẹ̀ fi sinmi dáradára nígbà tí iná bá lọ lójijì.

Títò ẹ̀rọ náà pọ̀ kò le bí ènìyàn ti ń rò. Sùkúrúdíráfà kan ni irin-iṣẹ́ rẹ̀. Kí ọmọ fọwọ́ kan irin kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù, kí iná ara rẹ̀ má bàa pa á. Kí ó tan ẹ̀rọ wò lórí tábìlì kí ó tó gbé e wọ ilé rẹ̀. Ohun tí kò bá wọlé wọ́ọ́rọ́, kí ó má fi ipá tì í. Lọ́jọ́ tí káàdì bá sì dé, kí wáyà mọ́nítọ̀ wọ ara káàdì. Bí ó bá wọ ara bọ́ọ̀dù, káàdì tí a fi owó ńlá rà yóò jókòó lásán.

Ẹ̀yin àgbà, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí a ra ẹ̀rọ alédè fún mọ bí a ti ń tàn án àti bí a ti ń pa á. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a fi iye owó kan lé lọ́wọ́, tí ó mú ìwé ìṣirò wá, tí a bi í ní ìdí tí ó fi yan èyí tí ó fi ọ̀hún sílẹ̀, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó, ó ti mọ owó, ó ti mọ ọjà, ó sì ti mọ inú ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà bá dákẹ́, òun ni yóò tú u, tí yóò sì wo ibi tí àìsàn wà.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ bá tún wá, ẹ má ṣe lé e, ẹ má sì tètè na ọwọ́ sí àpò. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: eré wo ni? Ìṣirò rẹ dà? Ta ni yóò bá wa dán an wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa? Èyí tí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ràn án lọ́wọ́ níwọ̀n tí agbára yín mọ. Èyí tí kò bá lè dáhùn, ẹ ní kí ó lọ wádìí, kí ó sì padà wá.

 Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ju wá lọ.